Ọjọ́ mẹ́ta péré ní Paris

Alẹ́ àná ni mo jókòó ti ètò ìrìn-àjò mi sí Paris. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, mi ò sì débẹ̀ rí. Mo wá ń to ibi tí mo fẹ́ rí sórí bébà bí ẹni tó máa lo oṣù kan.

Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ńlá wọn, ni mo fún ní odindi Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, torí àwòrán Mona Lisa. Mo ti fi báírò pupa yí i ká tán kí n tó rí i pé wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Háà! Mo sún un sí Ọjọ́ Ajé, mo gbé Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà mìíràn, bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ó jẹ́ Ọjọ́ Ajé gan-an ni Orsay máa ń tì. Orí ló yọ mí.

Àbúrò mi yọjú wo bébà náà, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ gun ilé-ìṣọ́ Eiffel, owó àtẹ̀gùn ò tó ti lífítì." Àtẹ̀gùn 674 dé àjà kejì! Mo ní kó máa gùn ún lọ, a ó pàdé lókè.

Ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame kò ní wàhálà. Iná jó o ní 2019, wọ́n tún un ṣí ní Oṣù Kejìlá 2024, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé.

Ọjọ́rú ṣì ṣófo. Mo kàn fẹ́ jókòó létí odò Seine ni, kí n máa wo èèyàn.