Ẹ̀yin Àbúrò Mi, Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ocarina

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò kan gbé ocarina tuntun, ìyẹn fèrè kékeré oníhò tí wọ́n fi amọ̀ tàbí plastic ṣe, wá fún mi wò, wọ́n ya ìjàpá sí i lára, ó rẹwà gan-an, àmọ́ bí mo ṣe fọn ún báyìí, ohùn C ìsàlẹ̀ àti C òkè ò bára mu rárá. Owó ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi.

Èkíní, alto C oníhò 12 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tí ohùn ẹ̀ wà láàárín, tí C jẹ́ ohùn ìpìlẹ̀ ẹ̀, tó sì rí bí ọ̀dùnkún. Oníhò 10 ni èyí tí Giuseppe Donati ṣe ní Budrio ní Ítálì ní 1853, àwọn ará Japan ló wá fi ihò kéékèèké méjì kún un, ìyẹn ló jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ dé A lábẹ́ C, orin ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀ tó máa ń lọ síbẹ̀. Amọ̀ ni o, plastic ni o, èyí tó bá ti wà ní tune, tí ohùn ẹ̀ ò ga jù, tí ò sì wálẹ̀ jù, ni kẹ́ ẹ rà.

Èkejì, ocarina kì í ṣe recorder, fèrè gígùn tọ́ọ́rọ́ yẹn. Lára ocarina, bí gbogbo ihò tó ṣí ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀ ló ń sọ ohùn, ibi tí wọ́n lu wọ́n sí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Èyí tó kù, èémí yín ni. Ẹ fẹ́ ẹ le, ohùn á gòkè, ẹ dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ fẹ́ èémí díẹ̀, tòkè fẹ́ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta wà o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí torí ó ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Nígbà tá à ń dánra wò a ò lo máìkì, èmi àti kíbọ́ọ̀dù bára mu régé. Lọ́jọ́ náà gan-an wọ́n ti máìkì mọ́ mi lẹ́nu, bí mo ṣe kan F òkè ló han gooro, ẹni tó wà nídìí sáùǹdì bá ń fọwọ́ júwe pé kí n rọra fẹ́ ẹ, olórí akọrin náà yíjú sí mi ń ṣe bákan náà, kí ni ọmọdé á wí níwájú àgbà, mo rọra fẹ́ ẹ. Ohùn bá já wálẹ̀, kíbọ́ọ̀dù wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń wojú ara wọn. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé mi ò mọ̀ ọ́n fọn, kí n máa gbé fèrè amọ̀ mi lọ sílé.

Mi ò fèsì. Àmọ́ nígbà tá a tún pàdé, mo ṣí tuner sórí fóònù, ìyẹn ohun tó ń fi abẹ́rẹ́ hàn bóyá ohùn ga jù tàbí ó wálẹ̀ jù, mo gbé e síwájú olórí akọrin, mo fọn C, abẹ́rẹ́ dúró sí àárín. Mi ò gbé ìka kankan, mo kàn ń dín èémí kù ni, abẹ́rẹ́ ń sún sẹ́yìn, ó ń sún, ó fẹ́ẹ̀ kan B, ohùn tó wà nísàlẹ̀ C. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" Èmi! Níwájú ìjọ! Wọn ò sọ fún mi pé "pẹ̀lẹ́" títí dòní.

Torí náà, bí wọ́n bá ní ẹ ti ń ké jù, ẹ má dín èémí kù. Kí wọ́n gbé máìkì sẹ́yìn, kí wọ́n sì fa vọ́lúùmù wálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Tí AC bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fọn ún díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí tó bá tutù, ohùn á wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta náà rèé: ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á fọn ún láti ìsàlẹ̀ dókè níwájú tuner, kó ṣe fídíò ẹ̀ ránṣẹ́. Tó bá kọ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.