Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Àṣàrò Òwúrọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ kíkọ àṣàrò ojoojúmọ́ fún àwọn ará ìjọ wa, mo kí yín kú iṣẹ́ Olúwa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ níhìn-ín ní Ìlọrin. Nígbà tí ìpè àdúrà àárọ̀ bá ń dún láti mọ́sálásí àdúgbò wa, tí àwọn ará ilé kejì ń ṣe àlùwàlá, èmi náà a tan iná, màá sì ṣí Bíbélì sí ibi tí Ìjọ Àgùdà yàn fún Mísà ọjọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹ má ṣe dé ibi ìbáwí kí Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ó di Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì, àkókò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ tí a máa ń ka ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15. Odindi ojú ìwé méjì ni mo kọ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà, mo sì fi bá àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n lọ sí Èkó tí wọn kò rántí ilé mọ́ wí. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Lẹ́yìn Mísà, ìyá kan tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ọmọ rẹ̀ ti lọ tí kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́, dúró dè mí. Kò bínú rárá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá tó wà nínú ìtàn yẹn ńkọ́? Mi ò gbọ́ kí ẹ dárúkọ rẹ̀.”

Mo délé, mo tún ìtàn náà kà, ojú sì tì mí. Ní ẹsẹ 18 àti 19, nígbà tí ọmọ náà ti ná ogún rẹ̀ tán tí ó ṣì wà nídìí ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ń bọ́, ó ti to gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò sọ: òun ti ṣẹ̀, òun kò yẹ ní ọmọ mọ́, kí bàbá fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Ẹ wá wo ẹsẹ 21, nígbà tí ó dé iwájú bàbá: ọ̀rọ̀ alágbàṣe kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ti ń pe aṣọ, ó ti ń pe òrùka, ó ti ń pe bàtà. Kí ó tó di ìyẹn, ọmọ náà ṣì wà lókèèrè tí bàbá ti rí i, tí ó sáré, tí ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. Àgbà kì í sì í sáré lásán. Ọmọ kò tíì jẹ́wọ́ tí bàbá ti dì mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tí inú bí nítorí pé bàbá gbà á padà, kò pè é ní arákùnrin. “Ọmọ rẹ yìí” ni ó wí ní ẹsẹ 30. Bàbá dáhùn ní ẹsẹ 32, ó ní “arákùnrin rẹ yìí”. Àwọn Farisí tí ń kùn pé Jésù ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹun ni a sì pa ìtàn náà fún. Ohùn ẹ̀gbọ́n ni mo fi kọ ojú ìwé méjì mi.

Àwọn baba wa kò pe oore-ọ̀fẹ́ ní owó iṣẹ́. Oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní ọdún 529, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n péjọ sí ìlú Orange ní ilẹ̀ Faransé òde òní fi lélẹ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ pàápàá, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ẹ̀kọ́ Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù àti olùkọ́ni ńlá nínú Ìjọ, ni wọ́n tẹ̀ lé, ẹni tí Monica ìyá rẹ̀ fi omijé gbàdúrà fún lọ́pọ̀ ọdún kí ó tó ṣí ìwé Róòmù nínú Bíbélì ní Milan ní ọdún 386, tí ó sì yí padà sí Ọlọ́run. Ìbáwí wà nínú ibi tí ojú rẹ̀ bọ́ sí, Róòmù 13:13–14, nítorí pé ó lòdì sí ìmutípara àti ìwà àgbèrè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ó ti kà pé kí a gbé Jésù Kristi Olúwa wọ̀. Ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Nítorí náà n kò ní kí ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pè é bí Ìjọ ṣe kọ́ wa. Katikísímù ọdún 1992, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Àgùdà, sọ ní ìpín 1857 pé kí ẹ̀ṣẹ̀ tó di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, èyí tí ó ń ya ènìyàn nípa sí Ọlọ́run, ọ̀ràn náà gbọ́dọ̀ wúwo, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dájú, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà láti ṣe é. Ẹni tí ó bá ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ikú dẹ́rù ba àwọn ènìyàn lórí gbogbo nǹkan kò ṣe Ìjọ lóore.

Ẹ má sì ka Ìhìn Rere nìkan. Míkà 7 ni kíkà kìíní ọjọ́ náà, níbi tí wòlíì ti ní Ọlọ́run yóò kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ wa dà sí ibú òkun. N kò tilẹ̀ ṣí i lọ́dún yẹn.

Kíkà àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe Ọjọ́ Àìkú nínú Lẹ́ńtì kì í yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà Sátidé náà tún padà wá bá mi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹsẹ 20 nìkan ni mo kọ̀wé lé lórí, kò tó ojú ìwé kan. Ọmọ ìyá náà kò tíì dé. Ìyá jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí mo ti ń ka ibi tí bàbá ti rí ọmọ náà lókèèrè, ọ̀kadà kan dúró níta, mo sì rí ìyá náà tí ó bojú wẹ̀yìn.