Onígun Mẹ́tàdínlógún: Ibi Tí Mo Bá Iṣẹ́ Dé

Onígun márùn-ún ti parí, ó ti wà lára ògiri. Èyí tó wà lórí tábìlì báyìí ni onígun mẹ́tàdínlógún tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Kọ́ńpáàsì àti rúlà nìkan ni mo ń lò. Rúlà náà, ìlà ló wà fún. N kò gbọdọ̀ fi wọn nǹkan kan.

Carl Friedrich Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló jẹ́ kí n yan mẹ́tàdínlógún. Láti ayé Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì àtijọ́, ó lé ní ẹgbàá ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi rí onígun tuntun tí iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ òǹkà àìṣeépín (tí kò ṣeé pín dọ́gba àfi fún 1 àti ara rẹ̀), tó ṣeé fi irinṣẹ́ méjì yìí yà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1796, Gauss, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, fi hàn pé mẹ́tàdínlógún ṣeé yà. Ọ̀nà tí mo ń tẹ̀ lé ni èyí tí onímọ̀ ìṣirò H. W. Richmond gbé jáde ní 1893.

Òbíríkítí kò gba àkókò: 20 sẹ̀ńtímítà láti àárín dé etí, lórí kádíbọ́ọ̀dù funfun. Mo lẹ sélótéèpù mọ́ àárín, O, kí ẹnu kọ́ńpáàsì má baà lu ihò ńlá. Láti O, ìlà ìbú lọ sí A ní etí, ìlà òró lọ sí B ní etí. Mo pín OB sí méjì, mo tún pín ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ibẹ̀ ni J.

Igun tó wà ní J, láàárín O àti A, ni iṣẹ́ wà. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni a ń fẹ́. Wantzel, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1837 pé kì í ṣe gbogbo igun ló ṣeé fi irinṣẹ́ méjì yìí pín sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n mẹ́rin rọrùn: pín in sí méjì, kí o tún un pín. Ìlà tó sún mọ́ O jù ló gé OA ní E, E yìí kò sì jìnnà sí O tó sẹ̀ńtímítà méjì. Bí ìlà náà bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo èyí tó kù yóò yẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ṣí kọ́ńpáàsì gbọ̀ọ̀rọ̀, kí àwọn ìlà rẹ̀ pàdé níbi tó jìnnà sí J, mo sì gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù 2H ṣóńṣó. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Igun 45° láti JE gbé mi dé F, lórí ìlà ìbú, lódìkejì O. Òbíríkítí tí FA là láàárín gé OB ní K. Mo fi E ṣe àárín, mo yí kọ́ńpáàsì gba K kọjá, ó sì gé ìlà ìbú níbi méjì. Ìlà òró láti ibi méjèèjì kan etí òbíríkítí níbi mẹ́rin: igun kẹta, ìkarùn-ún, ìkejìlá àti ìkẹrìnlá, bí a bá pe A ní òdo.

Mo pín àárín ìkẹta àti ìkarùn-ún, mo rí ìkẹrin, ẹ̀gbẹ́ kan sì nìyẹn. Láti àwọn igun tó ti wà yìí ni mo ti ń fi kọ́ńpáàsì sàmì sí ìyókù, kì í ṣe láti A yípo: àṣìṣe ìdajì mìlímítà ní ìgbésẹ̀ kan yóò di 8.5 mìlímítà bí a bá yí i ká tán.

Gbogbo igun ti pé. Ẹ̀gbẹ́ yẹ kó jẹ́ 7.35 sẹ̀ńtímítà nípa ìṣirò. Èmi náà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí mo parí, ó bọ́ sí àárín 7.3 àti 7.4. Inú mi dùn gan-an sí i.

Ó ku yíǹkì, àti ìràwọ̀ tí n ó yà sínú rẹ̀. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́tàdínlógún wà lára ìpìlẹ̀ ère Gauss ní Braunschweig, ìlú rẹ̀ ní Jámánì. Bí mo bá ń fi ìlà so igun pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́jọ-mẹ́jọ, n ó kan gbogbo wọn kí n tó padà sí A. Mẹ́jọ ló máa ṣe ṣóńṣó jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù dán wò.