Kọ́fà Tí Òkùnkùn Kò Gbé Mì

Àkúrẹ́, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kọ́fà géèmù wa, àwòrán tí èèyàn máa kọ́kọ́ rí kó tó rà á, ni mo jókòó tì látàárọ̀, òkùnkùn sì ni mo ń bá jà. Géèmù òfuurufú ni: ọkọ̀ kan ń fò, àwọn ọ̀tá ń ya bò ó, ó ń yìnbọn, ó ń yẹ ọta. Ẹni tó bá fẹ́ ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀, dúdú ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Sánmà dúdú, ìràwọ̀ wínníwínní, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú, ìmọ́lẹ̀ búlúù díẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó máa ń rẹwà gan-an nígbà tó bá kún ojú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ojú-ewé Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fúnra rẹ̀ ṣú, búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ni. Tí o bá gbé àwòrán dúdú lé e, etí àwòrán á pòórá, igun rẹ̀ á pòórá, ẹni tó ń fi ìka yí ojú-ewé lọ á sì kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mo kó kọ́fà àwọn géèmù tó jọ tiwa jọ sójú kan, mo sún gbogbo wọn kéré. Púpọ̀ nínú wọn di búlúù kan náà, ọkọ̀ kan náà, pílánẹ́ẹ̀tì kan náà lápá ọ̀tún. Àwọn tí ojú mi dúró lé lórí, nǹkan kan péré ló wà nínú wọn: ojú ẹ̀dá kan, tàbí ìbọn ńlá kan, tàbí àwọ̀ kan tí ẹlòmíràn kò lò. Iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ jù ti ṣòfò nínú àwọn yòókù, ó sì dùn mí fún àwọn tó ṣe é, torí mo mọ ohun tó ń náni láti ya ìṣó ara ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ́fà kan ṣoṣo kò tó Steam. Èyí tó wà lókè ojú-ewé géèmù jẹ́ píksẹ̀lì (àwọn ẹyọ àwọ̀ wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán) 920 ní ìbú, 430 ní gíga. Èyí tó kéré jù jẹ́ 462 sí 174, òun ló sì ń hàn níbi tí èèyàn bá ti ń wá nǹkan, wọ́n tún máa ń sún un kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dúró lóòró, tó ń wà nínú àkójọ ẹni tó ti ra géèmù, jẹ́ 600 sí 900. Ti itch.io, ọjà géèmù mìíràn, jẹ́ 630 sí 500. Ìdí nìyẹn tí mo fi ya ohun gbogbo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Krita, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń yàwòrán, ọkọ̀ lórí ìpele tirẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì lórí ìpele tirẹ̀, orúkọ lórí tirẹ̀, kí n lè máa tún wọn tò. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi, wọ́n á wá máa fún un pọ̀ wọnú èyí tó kéré. Lójú tèmi, èyí tó kéré jù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ yà, torí ibẹ̀ ni àjèjì ti máa kọ́kọ́ pàdé wa.

Mo yọ dúdú kúrò. Ta ló ní dandan ni kí sánmà dúdú? Bí ọkọ̀ bá wà níwájú pílánẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ń ràn sí, ìmọ́lẹ̀ ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi pílánẹ́ẹ̀tì ràbàtà kan dí ohun tó ju ìdajì àwòrán lọ, mo kùn ún bí epo pupa tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà, mo wá jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣókùnkùn níwájú rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni etí ọkọ̀ yọ. Búlúù kékeré kan ṣẹ́ kù ní igun òkè, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí búlúù àti àwọ̀ ọsàn máa ń mú ara wọn tàn.

Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun láti dán an wò. Àwọn ọ̀tá tí mo fi pupa yà sọnù pátápátá! Pupa wọn àti àwọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ lójú, àmọ́ bákan náà ni wọ́n ṣe mọ́lẹ̀ tó. Mo pa gbogbo wọn rẹ́, mo fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tó tóbi, mo jẹ́ kí etí àwòrán gé e sí méjì kó lè dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀. Àbúrò mi tó ń kọ kóòdù kò fẹ́ gbọ́. Gbogbo ọ̀tá náà ló fi ìmọ̀ kóòdù dá ìṣesí wọn, ó fẹ́ kí ayé rí wọn. Mo sọ fún un pé nínú àwọn àwòrán inú géèmù ni ayé ti máa rí wọn. Kọ́fà ò lè ru gbogbo wọn.

Iná lọ lọ́sàn-án, mo bá mú fóònù, mo jáde sí ọ̀nà Ọba Adésídà. Mọ́mì tó ń ta káàdì ìpè wà lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Mo kí wọn, mo ní kí wọn bá mi wo nǹkan kan, mo fi àwòrán náà hàn wọ́n ní ìwọ̀n tó kéré jù, mo sì tètè yí fóònù padà.

“Kí lẹ rí, mà?”

“Ẹja ni, àbí?”

Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìyẹ́ ọkọ̀ tí mo tẹ̀ sẹ́yìn àti ìdí rẹ̀ tó là sí méjì ló mú wọn rí ẹja, nígbà tí mo sì tún un wò, ẹja ni lóòótọ́. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún mi, mo fà á yọ lórí bébà: mo yí ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ìyẹ́ méjèèjì lè hàn, mo fi ẹnu ìbọn méjì síwájú, mo jẹ́ kí iná tú jáde nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo padà délé, tí mo yà á tán, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n fi ohùn dáhùn pé: “Ọkọ̀ òfuurufú ni, ó sì ń bínú.” Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Nǹkan kan tó máa ń wù mí nínú ìtàn àwọn géèmù yìí: nígbà tí Space Invaders, géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn fún àwọn ọ̀tá láti òfuurufú, jáde ní Japan ní 1978, dúdú àti funfun ni ojú rẹ̀, ìwé rọ́bà aláwọ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kó lè ní àwọ̀. Àwọn páálí géèmù iléeṣẹ́ Atari ìgbà náà wá ní àwòrán aláràbarà tí wọ́n fọwọ́ kùn, nígbà tó jẹ́ pé igun mẹ́rin-mẹ́rin lásán ló wà nínú géèmù. Mo fẹ́ràn àwọn àwòrán yẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ lónìí, àwòrán inú géèmù àti fídíò rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kọ́fà. Ọkọ̀ tó wà lórí kọ́fà wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe géèmù náà máa darí, ìyẹ́ kan náà, ẹnu ìbọn kan náà. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àbúrò mi tún ti inú géèmù yà kó bá tuntun yìí mu.

Ó ní kí n kọ “Àkúrẹ́ la ti ṣe é” sára kọ́fà. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti 1 oṣù kẹsàn-án 2022 ni Steam ti fòfin dè é kí á kọ àmì-ẹ̀yẹ, ìyìn tàbí ẹ̀dínwó sára kọ́fà. Àwòrán géèmù àti orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. A ó fi Àkúrẹ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé géèmù.

Orúkọ náà ló wá gba ìrọ̀lẹ́ mi. Ìjì Ọ̀run. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, Ọ ní àyè tirẹ̀, àmọ́ Ọ̀ kò ní. Àmì ohùn ni wọ́n máa ń gbé lé e lórí lọ́tọ̀. Àwọn fọ́ǹtì, ìyẹn àwọn àrà lẹ́tà, tí wọ́n ṣe fún àkọlé géèmù kì í sábà mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Nínú òmíràn, àmì náà bọ́ sórí R. Nínú òmíràn, àpótí òfìfo ló yọ. Ẹnì kan tí mo fi hàn sọ pé kí n kọ IJI ORUN, kí n sinmi. Mi ò gbà. Bí orúkọ géèmù tí a ṣe nílé wa kò bá lè dúró pé, mi ò mọ ibi tí yóò ti dúró.

Mo bá fi ọwọ́ ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀n tó kéré jù, àmì abẹ́ Ọ̀ di píksẹ̀lì mélòó kan, ó sì pòórá. Mo rántí Bíbélì àtijọ́, níbi tí ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ti wà lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré róbótó. Mo lo ìlà yẹn. Bó ṣe fara kan lẹ́tà báyìí, ó di Q. Mo fi àlàfo sí àárín wọn, tó nípọn tó ara lẹ́tà fúnra rẹ̀, ó bá dúró. Àmì ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lórí lẹ́tà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀ sí, láti òsì òkè wá sí ọ̀tún ìsàlẹ̀. Mo yí ọta ọ̀tá kan ṣoṣo náà kó lè máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí orúkọ àti ìjà lè máa rìn pọ̀. Funfun ni mo fi àmì sí, ọta sì jẹ́ yẹ́lò, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra. Mo fi dúdú yí lẹ́tà ká fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Àbúrò mi ti ń pè pé kí n fi ránṣẹ́ kí òun gbé e sójú-ewé. Mo ní kó ní sùúrù dọ̀la. Èyí tó dúró lóòró ṣì kù, pílánẹ́ẹ̀tì ò tíì bá ibẹ̀ mu, mo sì fẹ́ wo èyí tó kéré jù lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan níta, nínú oòrùn.