Alhamdulillah, Kẹ́hìndé Mi Jẹ Ẹran Iléyá Ọdún Yìí

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ bá mi yin Ọlọ́run. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi kí n kọ èyí, láti Iléyá ni, ṣùgbọ́n mo ní kí n jẹ́ kí oṣù kẹjọ lọ tán ná, torí ẹni tó bá ní ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (síkùlù sẹ́ẹ̀lì) bíi tèmi á mọ̀ pé òjò àti òtútù ìgbà yìí kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fojú di. Ó ti ń lọ tán báyìí. Kẹ́hìndé mi wà láàyè, ara ẹ̀ le, ó ti pé ọdún 18, wọ́n sì ti mú un ní yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìbejì ni mo bí tẹ̀ lé àkọ́bí mi, Táyé ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin, kí Ìdòwú tó dé. AS lèmi, AS ni bàbá wọn, ìyẹn ni pé àìsàn yìí wà lẹ́jẹ̀ wa láìjẹ́ pé ó ń ṣe wá. Nígbà tí a fẹ́ra wa kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan nípa jínótaìpù, kì í ṣe bíi ti ìsìnyí tí ọ̀pọ̀ Alfa ò ní so yìgì tí wọn ò bá kọ́kọ́ rí rẹ́sóòtì. Táyé jáde ní AS, Kẹ́hìndé jáde ní SS, òun ló ní àìsàn náà gan-an. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé báwo ni tìbejì ṣe máa yàtọ̀ síra, dókítà ló là á yé wa pé tí ìbejì bá ti jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, kálukú ló mú tiẹ̀, àti pé tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí lè jẹ́ SS, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ni o, kì í ṣe pé tẹ́ ẹ bá ti bí ọ̀kan ó ti tán nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹbí ò gbà pé àìsàn ni. Àbíkú ni wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ wọn, ni wọ́n dìde lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ilé, wọ́n ní ẹni tó bá tún pe ọmọ òun ní àbíkú kó má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé mi.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé àsìkò tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ ni tiwa máa ń le. Wọ́n á ti gba họlidé, ọmọ á ti Èkó dé, ọmọ á ti Ìbàdàn dé, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì á kó tiwọn wá láti London, agboolé wa lẹ́bàá Ọjà Ọba á kún fọ́fọ́, ilẹ̀ pálọ̀ ò ní gba ẹní mọ́. Kẹ́hìndé náà á fẹ́ sáré bí wọ́n ṣe ń sáré, á fẹ́ wọnú òjò bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, kò ní rántí mu omi, tó bá di òru ẹ ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ mi o, ẹ̀yìn mi o. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS ò fẹ́ òtútù, kò fẹ́ òùngbẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, wọ́n á wá há mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n bá há sí ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn àgbà ń pè é, ojú mi rí i.

Tó bá tún di oṣù kẹjọ, ọdún Ọ̀ṣun dé. Mùsùlùmí ni wá o, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé Òṣogbo tọ́mọ ẹ̀ ò ní fẹ́ rí Ìwọ́pópó, ìrìn tí wọ́n fi ń ṣí ọdún náà, tọ́mọ ẹ̀ ò ní fẹ́ wo àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn láàfin Àtáọ́ja? Ọjọ́ tí Arugbá bá wá ń gbé igbá lọ sódò, gbogbo ọ̀nà ló ń dí, ará Brazil wà níbẹ̀, òyìnbó wà níbẹ̀, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO ti kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé láti 2005, ẹ mọ̀ pé èrò á pọ̀. Kẹ́hìndé kì í lọ. Táyé ló máa ń lọ, á fi fóònù ká gbogbo ẹ̀, á wá jókòó ti èkejì ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á máa ṣàlàyé fún un. Lọ́dún kan tí wọ́n ń wo Arugbá báyìí, Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, ṣé ọrùn ò dun ọmọ yìí ni?" Ọmọ tí òun fúnra ẹ̀ wà nínú ìrora. Mo jáde kúrò ní yàrá yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ti èṣí ló wá ju gbogbo ẹ̀ lọ. Iléyá ọdún 2024, ọjọ́ Sunday ni, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà. A ti ti Yídì dé, àwọn ọkùnrin ti dú àgbò, wọ́n ń kun ún. Kẹ́hìndé ń bá wa gé àlùbọ́sà, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ kò lè mí dáadáa mọ́, ètè ẹ̀ ti ń dúdú. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, ọ́síjìn ò sí, dókítà ti lọ ṣọdún, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ní ká tètè máa gbé e lọ síbi tó tóbi. Bàbá Ìbejì ń wakọ̀, ẹ̀jẹ̀ àgbò ṣì wà létí aṣọ ọdún lọ́rùn wọn, èmi gbé orí ọmọ lé àyà, mò ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ lórí.

Níbi kejì, wọ́n yà á ní ẹ́síréè, wọ́n ní ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, pé ó wà lára ohun tó ń yára pa àwọn ọmọ SS. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ẹ lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá, kíákíá. Ọjọ́ ọdún! Grúùpù ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé ni O, ẹni tó bá jẹ́ O nìkan ló lè fún un. Ọkọ mi kékeré, àbúrò Bàbá Ìbejì tí mo máa ń pè ní Akọ̀wé, ló kọ́kọ́ na apá, Ọlọ́run má jẹ́ kí apá yẹn rọ láé. Táyé náà na tiẹ̀, wọ́n ní rárá, pé ẹni tó jẹ́ AS kọ́ ló ń fún SS lẹ́jẹ̀, àti pé kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ mi bú sẹ́kún nínú kọ́rídọ̀ wọn níbẹ̀. Láti kékeré mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, ó ń sọ pé inú ibì kan náà ni a ti jáde, kí ló dé tí tèmi ò ṣe dáa fún un.

Ẹ̀jẹ̀ tí Akọ̀wé fún wọn ò tó. Ìyá kan ń ta ẹ̀lùbọ́ níwájú ilé wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọ́n gbọ́, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi o, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé hósípítù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ló ń sáré nínú ọmọ mi lónìí. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀sìn yìí ò lè bá ẹ̀sìn yẹn gbé, kí wọ́n wá bi mí.

Ó pẹ́ ká tó kúrò níbẹ̀, mi ò ní ka ọjọ́ ẹ̀. Ẹran Iléyá yẹn, a pín in fáwọn èèyàn tán, ọmọ mi ò fẹnu kan ibì kan nínú ẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, àwọn dókítà fi òògùn kan tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea, tó ń dín kráísìsì kù, kún ti tẹ́lẹ̀, folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti Paludrine tó ń dènà ibà, tó ń lò lójoojúmọ́, wọ́n ní ká máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Owó ẹ̀ ò kéré, àmọ́ ẹ̀yin tí wọ́n ti kọ ọ́ fún ọmọ yín, tẹ́ ẹ ń fòyà, ẹ lọ jókòó ti dókítà yín kẹ́ ẹ bi wọ́n dáadáa. Kráísìsì tiẹ̀, ìrora tó máa ń dé lójijì yẹn, lọ sílẹ̀ gan.

Aṣọ Iléyá ọdún yìí ni mo ti wá rí iṣẹ́ Ọlọ́run ní gbangba. Àwọn ọmọ SS kì í tètè dàgbà, Táyé ti ga ju èkejì ẹ̀ lọ tipẹ́, àlejò á rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ọdún mẹ́rin márùn-ún wà láàárín wọn ni. Àdìrẹ kan náà ni mo rà fún wọn, Òṣogbo ìlú aró kúkú ni a wà. Télọ̀ wa fi tẹ́ẹ̀pù wọn Kẹ́hìndé, ó ṣí ìwé tó kọ nọ́ńbà èṣí sí, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ máa fi yáàdì kan kún un o, Kẹ́hìndé ti di ọmọge." Mo ní kó tún wọ̀n ọ́n lójú mi. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ẹ wo èmi ìyá àgbàlagbà, omijé ń bọ́ lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, mo ń dìrọ̀ mọ́ yáàdì kan aṣọ.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà. Òjò dé lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ilé bọ́ síta, mo ti ń lanu láti pe Kẹ́hìndé, kí n tó pè é ó ti wọlé, ó ti mú súwẹ́tà, ó gbé ike omi ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó ó ń jẹ ẹran. Mi ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó di Ìwọ́pópó, òun àti Táyé jọ lọ ni, tòun ti fìlà àti omi, mi ò lè jókòó títí wọ́n fi dé, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó lọ, ó sì fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn padà wálé.

Wọ́n ń múra ilé ìwé báyìí, Kẹ́hìndé Ifẹ̀, Táyé pólì Ẹdẹ. Yàtọ̀ sí ìgbà tí hósípítù bá dá a dúró, wọn ò sùn lọ́tọ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí wọn. Mo ń rò ó pé ta ló máa jí i lo òògùn, àṣé ó ti ṣètò álááàmù sórí fóònù ẹ̀. Ó kọ ìwé kékeré kan tó máa fún àwọn tí wọ́n bá jọ wà ní yàrá: grúùpù ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, orúkọ òògùn ẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe tí ara ẹ̀ bá yí padà, àti nọ́ńbà tí wọ́n máa pè. Nọ́ńbà Táyé ló kọ́kọ́ kọ kó tó kan tèmi. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́, ó sì tún dùn mọ́ mi nínú, torí mo mọ̀ pé Táyé á gbé e.

Gbogbo ìyá tó wà ní wọ́ọ̀dù báyìí tọ́mọ wọn ń ké, Ọlọ́run tó dá mi lóhùn á dá yín lóhùn, ẹ ò ní fi ọwọ́ òfo padà sílé. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀ kí ọdún tó dé, torí ọjọ́ ọdún kì í sí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, a máa ṣe sàráà ìdúpẹ́ nínú agboolé wa. Mo ti lọ pe ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fúnra mi, mo ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn ọmọ ọjọ́ yẹn wá, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa jókòó sí. Ẹ̀yin náà ẹ wá o, oúnjẹ á pọ̀.