Ostia, ìlú tí odò yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Pompeii, ìlú àtijọ́ tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀, ni gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ rí tí wọ́n bá dé Ítálì. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi tí iṣẹ́ kílíárín ní wọ́ọ̀fù Àpápá ń bọ́, Ostia ni mo ní kí àbúrò mi tó ń gbé Róòmù mú mi lọ.

Èbúté Róòmù ni Ostia láyé ìgbà yẹn, níbi tí Odò Tiber ti ń wọ òkun. Láti Íjíbítì àti Àríwá Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ ọkà tí ará Róòmù ń jẹ ti ń wá, apá ibẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Ẹnu odò ò gba ọkọ̀ ńlá dáadáa, ni Késárì Claudius bá bẹ̀rẹ̀ èbúté tuntun lápá àríwá ní ọdún 42 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ní ọdún 62, ìjì jà, nǹkan bí 200 ọkọ̀ ló ṣòfò nínú èbúté náà gan-an. Ta ló san owó ẹrù yẹn? Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni Késárì Trajan gbẹ́ adágún onígun mẹ́fà síbẹ̀, kí ọkọ̀ lè rí ibi sá sí.

Ibi tí mo dúró sí pẹ́ jù ni gbàgede tó wà lẹ́yìn tíátà. Yàrá kéékèèké ti àwọn ọlọ́kọ̀ àti oníṣòwò ló yí i ká, wọ́n tó nǹkan bí 60. Níwájú wọn, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ni wọ́n tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe àmì: ọkọ̀ onígbòkun, ẹja, ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀. Erin ni ti àwọn ará Sabratha, ní Líbíà òde òní. Àwọn ará Narbonne, ní Faransé òde òní, wà níbẹ̀, ti Cagliari ní erékùṣù Sardinia náà ò gbẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo erin yẹn títí. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá á mọ ọ́fíìsì tó ń wá. Bébà ni àwa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Òjò kan péré, ó ti bó.

Kì í ṣe òkè oníná ló pa Ostia. Iṣẹ́ ló tán níbẹ̀. Èbúté tuntun fa òwò lọ, yanrìn ń dí ẹnu odò. Ní 387, ibẹ̀ ni Monica, ìyá Augustine, gbajúmọ̀ olùkọ́ ẹ̀sìn Kristẹni ará Áfíríkà, kú sí níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ padà sí Áfíríkà. (Ní 1945, àwọn ọmọdé tó ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Aurea hú àfọ́kù òkúta ibojì rẹ̀ jáde!) Ibà wọ̀lú. Òkúta mábù inú tẹ́ḿpìlì di ohun tí wọ́n ń sun láti fi ṣe ẹfun ìmọlé. Nígbà tí omi kún ní 1557, odò fúnra rẹ̀ yà gba ibòmíì.

Èyí tó bí mi nínú ni ti Mussolini, apàṣẹwàá tó ń ṣèjọba Ítálì nígbà náà. Ó fẹ́ fi ìlú náà han àlejò níbi ìpàtẹ ńlá ti 1942, ni wọ́n bá ń fi ìkánjú gbẹ́ ẹ láti 1938. Ogun ò jẹ́ kí ìpàtẹ náà wáyé. Ilẹ̀ tí ì bá sọ bí ìlú ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti fi ṣọ́bìrì kó púpọ̀ rẹ̀ dànù láìkọ ohun tó tó nípa rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tòde òní ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2014, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kéde pé ìlú náà dé òdìkejì odò, ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́.