Ìyàwó Mi Ló Rán Mi

Irọ́ tó gbajúmọ̀ jù níwájú káńtà àtíkè ní Òṣogbo kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìyàwó mi ló rán mi." Ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin, ìbáà ṣe ọmọ tó ń wé gèlè ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín, ìbáà ṣe ẹni tí kò ṣe é fún ẹlòmíràn àfi dígí yàrá rẹ̀, á ti pa á rí. Irọ́ tó dáa ni, torí kò sẹ́ni tí í bá ọkọ jiyàn lórí iṣẹ́ tí aya rán an. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ojú tí kò sí níbẹ̀ ni ọlọ́jà máa tajà fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀gbẹ́ni kan ní Alékúwodò, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí kò bá sí òde, á ti ilẹ̀kùn, á ró ìró, á wọ bùbá, á wé gèlè tí ọ̀pọ̀ obìnrin ò mọ̀ ọ́n wé. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kò sì bá a jà. Ohun tó ń bí i nínú ni pé àtíkè òun ni ọkọ ń lò, tí kì í sì í dé e padà. Ló bá ní kó yáa lọ ra tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ìyàwó rẹ̀ ló rán an lóòótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló wá yàn láti lọ. Ẹni tó mọ ọjà ò ní yan àkókò yẹn láéláé. Òde Sátidé ti ń bọ̀, gbogbo ẹni tó ní aṣọ ẹbí nílé àti gbogbo àwọn tó ń kun ojú fún ìyàwó tuntun ló máa ya bo ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, láàárín aago 10 sí 12, ló dáa jù: ọlọ́jà ti gbálẹ̀, ṣọ́ọ̀bù dá, ó sì ń wá ẹni tí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé láàárọ̀ tí kò wá ra nǹkan kan. Obìnrin ọlọ́jà lè gbàgbé pé ẹ fẹ́ múra bí obìnrin, kò ní gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ ba àkọ́tà òun jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni wa sọ̀ nísàlẹ̀ bíríìjì Ọláìyá. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó padà. Ó ra káàdì ìpè, ó ra gúgúrú, ó ra póńpù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, bẹ́ẹ̀ kò ní kẹ̀kẹ́. Nígbà tí kò sí ohun tó kù ládùúgbò tó lè rà mọ́, ó wọlé.

"Ẹ kú ọjà o, àǹtí."

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá. Kí la fẹ́ rà?"

"Fáńdéṣọ̀n ni. Ìyàwó mi ló rán mi."

"Ṣé ó pupa ni àbí ó dúdú?"

Ọ̀gbẹ́ni ò ronú dé ibẹ̀ pé fáńdéṣọ̀n, ọ̀dà ojú tí wọ́n ń kùn kí àtíkè tó dé, gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ẹni mu. Ìyàwó rẹ̀ pupa, òun dúdú. "Ó pupa díẹ̀," ló wí, ó tún ní, "ó sì dúdú díẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ ìyàwó yín ṣá? Ẹ jẹ́ n rí fọ́tò ẹ̀."

Fọ́tò ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wà lórí fóònù. Wọ́n ti kun obìnrin náà tẹ́lẹ̀, fóònù sì ti tún ojú rẹ̀ dán sí i. Ọlọ́jà wò ó lábẹ́ gílóòbù funfun, ó mú ìgò kan jáde, ó ní èyí ni tiẹ̀, kò lè yẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni na ọwọ́ kí wọ́n fi díẹ̀ sí i wò. Àǹtí ti ọwọ́ náà kúrò: "Ọwọ́ yín kọ́ ló fẹ́ kùn ún, bọ̀ọ̀dá."

Láti ẹ̀yìn, àwọn obìnrin tó tò sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ọ̀kan ní ọkọ òun ò lè ra omi tútù fún òun láéláé. Ìyá àgbà kan gbàdúrà gígùn fún un, ọ̀gbẹ́ni sì ń ṣe àmín. Lẹ́yìn irú àdúrà bẹ́ẹ̀, ta ló máa wá dúnàá-dúrà? Iye tí wọ́n pè náà ló san.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó fá irùngbọ̀n, ó fi òrí pa ojú dáadáa, ó kun fáńdéṣọ̀n, ó da àtíkè lé e, ó sì ya ara rẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú fíláàṣì. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò ó títí, ó ní: "Ta ló kú?"

Nǹkan mẹ́rin ló wọ́ jọ sórí ojú yẹn. Òrí ni àkọ́kọ́. Òróró rẹ̀ nípọn, fáńdéṣọ̀n ò ríbi dì mú, ó ń yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n. Ìpara fífúyẹ́ tí kò tó ju hóró ẹ̀pà kan lọ ti tó ojú, kẹ́ ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 10 kó fi wọra. Èkejì ni bó ṣe fá irùngbọ̀n tó sì kun ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bíléèdì tí kò mú, tó tún ń gba òdì ìhà tí irun ń hù sí. Awọ tó ti bó, tó sì gbóná, kì í gba ọ̀dà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tó ń hó lẹ ó fi fá a, sí ìhà tí irun ń hù sí, kẹ́ ẹ wá fi ojú sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tí kókó wẹ́wẹ́ máa ń yọ sí lágbọ̀n, kílípà ló yẹ ẹ́ ju bíléèdì lọ, bí kò tilẹ̀ kúnná tó.

Ẹ̀kẹta ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, òun náà ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Gbòǹgbò irùngbọ̀n tó kù lábẹ́ awọ máa ń fi àwọ̀ aró hàn láti ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kun fáńdéṣọ̀n tó mọ́ ju ojú lọ lé e, àwọ̀ eérú ló máa dà. Bẹ́ ẹ bá sì ń kùn ún sí i kó lè bò ó, ńṣe ni eérú ń pọ̀ sí i. Àwọ̀ ọsàn ló ń pa á. Kọrẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè é, èyí tó pọ́n bí ọsàn gan-an fún ẹni tó dúdú, tàbí èyí tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó pupa. Ìka lẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ sí òkè ètè, àgbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má fà á, tẹ́ ẹ bá fà á yóò kúrò níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ kó wà. Ẹ bù àtíkè díẹ̀ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó wá fi fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ojú, tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún gbẹ, lu fáńdéṣọ̀n lé e lórí. Lu ni mo wí o, kì í ṣe nù.

Ti fíláàṣì ò le. Àwọn àtíkè kan tí wọ́n ní kò láwọ̀, àti ìpara oòrùn tó ní titanium dioxide tàbí zinc oxide, máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ojú á wá funfun nínú fọ́tò tí ọrùn ò funfun. Ẹ ya fọ́tò kan nílé kẹ́ ẹ tó jáde.

Ìyàwó ò tilẹ̀ gbọ́ àlàyé kankan. Ó mú ìgò náà, ó kùn díẹ̀ sójú ara rẹ̀, ó bá a mu rẹ́gí. Bó ṣe gbé e lọ nìyẹn.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọ̀gbẹ́ni tọrọ àyè níbi iṣẹ́ pé òun fẹ́ rí dókítà, ó tún gba Ọláìyá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fá irùngbọ̀n láti àárọ̀ kùtù, kò fi ìpara kankan pa ojú, ó mú dígí kékeré àti tíṣù dání. Ó sì ti múra gbólóhùn kan sílẹ̀: "Àǹtí, èmi ni mo fẹ́ lò ó." Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú kí ọkùnrin lọ ra àtíkè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyókù owó ni. Kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sókè. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú káńtà, àwìn ni ọlọ́jà máa rò pé ó wá gbà.

Àǹtí ò pariwo. Ó kàn gbá a lágbọ̀n mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní, "Irùngbọ̀n yín yìí ló máa dà wá láàmú." Kí ló tún máa yà á lẹ́nu? Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Àwọn ọkùnrin ló ń ró ìró jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níhà Kétu, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé láti 2008. Àwọn baba wa kan sì wà tó ń lé tìróò láìsí pé ẹnikẹ́ni bojú wẹ̀yìn. Ti onígò olówó gọbọi yìí ló kàn ń ti àwọn èèyàn lójú.

Ó fa ìlà mẹ́ta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n títí dé ọrùn, ìgò kan fún ìlà kan. Ẹ̀yìn ọwọ́ ò ṣe é fi dán an wò, torí àwọ̀ ọwọ́ àti ti ojú kì í sábà dọ́gba. Gílóòbù funfun náà ò ṣe é gbà gbọ́, ó máa ń mú kí ohun pupa rẹ̀wẹ̀sì. Àǹtí ní kó jáde síta, kó dúró nínú ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ọmọ ìlú aró ò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí: aṣọ àdìrẹ tó jáde nínú ìkòkò ń ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bẹ́ẹ̀ ni fáńdéṣọ̀n náà ń yí padà tí afẹ́fẹ́ àti òróró ojú bá kàn án, púpọ̀ wọn sì ń ṣú sí i. Èyí tó bá pòórá mọ́ àgbọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ni kẹ́ ẹ rà.

Ọ̀gbẹ́ni dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlà mẹ́ta lágbọ̀n. Ọlọ́kadà kan dẹ̀rìn, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ilà ibo nìyẹn?"

"Pélé ni."

"Ó ti sọ̀kalẹ̀ jù o. Ẹ lọ bá olóòlà yín."

Ìlà àárín ló pòórá. Ó rà á, ó ra kọrẹ́kítọ̀, ó sì ná an dáadáa, torí kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún un lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó kan lípítíìkì, ó gbé èyí tí wọ́n fi ń dánwò lọ sẹ́nu. Àǹtí gbá a lọ́wọ́. Ẹnu tó ti kan nǹkan yẹn ò lóǹkà, egbò ètè sì ń ràn. Ìka ni kẹ́ ẹ fi í sí, ní góńgó tó pọ́n díẹ̀, ó sún mọ́ àwọ̀ ètè ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Ti màsíkárà, ọ̀dà tí wọ́n fi ń lé irun ìpéńpéjú, ò tilẹ̀ ní àríyànjiyàn: èyí tí wọ́n ti ṣí fún ìdánwò kò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú rárá.

Ó ti fẹ́ sanwó kó tó rántí. "Àǹtí, ìyàwó mi ní kí n bá òun ra lípítíìkì kan."

Àǹtí fọwọ́ lérán. "Bọ̀ọ̀dá, a ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí." Gbogbo àlàyé ò wọ̀ ọ́ létí. Àwọ̀ tó bá ọ̀gbẹ́ni mu ló dì fún un, ìyàwó ò sì tíì dárí jì í.

Ní ti kíkùn, ó yege lọ́jọ́ Sátidé. Ní ti fífọ̀ ló ti kùnà. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó tún múra, tìróò tó lé sí ojú ò jẹ́ kúrò, ó bá mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó ń ha ojú títí. Ohun tí omi ò lè yọ, òróró ní í yọ ọ́: òróró àgbọn lórí òwú, kẹ́ ẹ gbé e lé ìpéńpéjú tó padé fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ rọra nù ún wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ tó rọ̀ fọ ojú. Ọ̀gbẹ́ni dé Abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹyinjú pọ́n kuku, tìróò ṣì yí i ká.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ojú yín?"

"Àpólò ni."

Kó tó jókòó, àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì ti gbé àga wọn sún mọ́ fèrèsé. Akọ̀wé kan ń fi omi ìpakòkòrò nu ọwọ́ ilẹ̀kùn tí ọ̀gbẹ́ni dì mú. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo pé kó máa lọ sílé, pé dókítà tó lọ rí lọ́jọ́rú ò mọṣẹ́, kó má sì padà wá láìjẹ́ pé ó gba ìwé lọ́wọ́ òmíràn.